Re: «Ìdáàbòbò iná»: ta ló ń dáàbò bo iná?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ èdè o.

Mo ti pinnu pé n kò ní dá sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ka lẹ́tà yín tí mo panu mọ́, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Atlanta tún kọ̀wé lálẹ́ àná. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀gbọ́n ń túmọ̀ ìwé pélébé kan lórí bí ilé-iṣẹ́ tó ń fi núkílíà pèsè iná mànàmáná ṣe ń múra sílẹ̀ de ìjàǹbá iná. Gbólóhùn tí wọ́n ní kí á bá àwọn yẹ̀ wò nìyí:

> Ètò ìdáàbòbò iná ní ilé-iṣẹ́ iná núkílíà gbọ́dọ̀ rí i dájú pé a lè pa iná láìséwu bí iná bá ṣẹ́ yọ.

Mo ka iná mẹ́rin nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, wọn kì í sì í ṣe iná kan náà. Mo kà á sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin létí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, mo ní kí ló gbọ́. Ó ronú díẹ̀. «Bàbá, ṣé wọ́n ní tí NEPA bá ti mú iná dé, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ ni?»

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ta ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìdáàbòbò. Ìdáàbòbò ọmọdé: ọmọ là ń dáàbò bò. Ìdáàbòbò ẹ̀tọ́: ẹ̀tọ́ ni. Ìdáàbòbò àyíká, bákan náà. Níbo lẹ ti rí i rí tí ohun tó tẹ̀lé ìdáàbòbò jẹ́ ọ̀tá? Ẹni tó bá ní òun ń dáàbò bo olè, ẹ ò ní pè é ní ọlọ́dẹ. Ìdáàbòbò iná yìí, iná la ṣíji bò, tí a ní kó máa jó lọ, kí òjò má pa á. Ẹ̀gbọ́n fèsì pé «ọgbọ́n orí òǹkàwé yóò tún un ṣe». Ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí òṣìṣẹ́ máa kà kí ilé má baà jó kì í ṣe àlọ́ àpamọ̀. «Ààbò lọ́wọ́ iná» gùn, mo gbà, àmọ́ «lọ́wọ́» tó wà láàrin rẹ̀ ló gba gbogbo rẹ̀ là. Ẹ yọ ọ́, iná di ẹni tí à ń gẹ̀.

Àbúrò wa kan wá ní kí á kúkú lo ìdènà iná fún gbogbo rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn. Ibí yìí gan-an ni ẹsẹ̀ mi ti dúró, nítorí ìdènà kọ́ ni ìdínà, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ níbí pé «ìyàtọ̀ yẹn ti parẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn». Ọdẹ tó dènà de ẹran, ẹran kò tíì dé, ó lúgọ ni. Ẹni tó dínà, ó gbé igi dábùú ọ̀nà: kí ẹran dé, kí ó má dé, igi wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ ojú, èkejì jẹ́ iṣẹ́ ògiri. Fáwẹ̀lì kan àti àmì orí rẹ̀ péré ló wà láàrin wọn, ṣùgbọ́n ní ilé-iṣẹ́ núkílíà, àárín fáwẹ̀lì yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Ẹ wo ilé-iṣẹ́ núkílíà Browns Ferry ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1975. Riákítọ̀ (ẹ̀rọ tí ooru núkílíà ti ń jáde) méjì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, ẹ̀kẹta ni wọ́n ṣì ń kọ́. Lábẹ́ yàrá ìdarí, yàrá kan wà tí àwọn wáyà ti ń pín kiri, tí wọ́n sì ti ń gba ojú ihò ara ògiri bọ́ sínú ilé riákítọ̀. Fóòmù ni wọ́n fi ń dí àwọn ihò náà. Láti mọ̀ bóyá ihò ti dí tán, wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á gbé e sún mọ́ ọn: bí ọwọ́ iná bá tẹ̀, afẹ́fẹ́ ṣì ń gba ibẹ̀ nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọwọ́ iná kò tẹ̀ lásán. Afẹ́fẹ́ fà á wọnú ihò, fóòmù gbiná, ó sì gba inú ògiri kọjá sí ẹ̀yìn níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tó.

Àbẹ́là o! Iná náà jó fún bíi wákàtí méje. Wáyà tó lé ní 1,600 ló bàjẹ́, títí kan ti àwọn ẹ̀rọ tó yẹ kí wọ́n máa rọ omi sí riákítọ̀ nígbà pàjáwìrì. Kò sẹ́ni tó kú, ìtànṣán olóró kò jáde, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tí wọn kò ṣe fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń gba ara wọn sílẹ̀ ní riákítọ̀ kìíní.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri lanu, wọ́n sì fi oúnjẹ iná dí i lẹ́nu. Ìdínà yẹn fúnra rẹ̀ ló jó. Ẹ wá sọ fún mi pé ìyàtọ̀ ti parẹ́! Kí a má tan àbẹ́là nítòsí fóòmù, ìdènà nìyẹn. Kí ohun tó dí ihò má ṣe jẹ́ ohun tó ń jó, ìdínà nìyẹn. Ìpaná ló kù, ìyẹn iṣẹ́ àwọn panápaná, kò sì sẹ́ni tó bá wa jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a. (Ẹ wo bó ṣe dùn lẹ́nu, pa-ná-pa-ná. Ẹni tó dá a kò jókòó ìpàdé kankan.)

Ó kan ọ̀rọ̀ «pa» wàyí. Àwọn panápaná ìlú Athens, Athens ti Alabama o, dé lọ́sàn-án, ọ̀gá wọn sì ní omi ni kí wọ́n lò. Àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ ní rárá, omi àti wáyà iná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Wọ́n ń fọ́n gáàsì àti lúúlúú sí i títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Nígbà tí wọ́n gbà kí omi wọlé, kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Àmọ́ riákítọ̀ ńkọ́? Wọ́n ti «pa» ti àkọ́kọ́ láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí tí iná bẹ̀rẹ̀. Pípa méjì ló wà lọ́jọ́ kan náà ní ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n sì kọ ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀. «A lè pa iná láìséwu», pípa riákítọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn, pípa iná tó ń jó ni gbogbo ayé máa gbọ́.

Èyí tó burú ni pé wọn kì í rí riákítọ̀ pa lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ti dá a dúró tán, ooru tó ku nínú rẹ̀ tó ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń mú jáde tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ṣì lé ní ìdá kan. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń kó eérú láàárọ̀. Eérú á funfun, á tutù lójú, kò ní sí èéfín kankan. Lọ́jọ́ kan mo fi ọwọ́ lásán kó o. Ẹyin iná wà nísàlẹ̀, àpá rẹ̀ ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì mi bí mo ṣe ń tẹ lẹ́tà yìí. Bàbá mi kò nà mí, kò sì bẹ̀ mí. Ó kàn ní, «Iná kú, ó feérú bojú,» ó sì padà sídìí ẹwìrì. Títí di ọjọ́ yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ àti bàbá tó kú nìkan ni òwe náà wà fún.

Nítorí náà mo ní kí á fi «pa» sílẹ̀ fún iná tó ń jó ilé, kí á máa sọ pé a dá riákítọ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n ní òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó dáa, kí ni ká wá sọ? Ẹnìkan dábàá «mú un sùn». Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń pa «iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì» fún wa látàárọ̀, pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti kọ́gbọ́n: ewé ni èsìsì, kì í ṣe igi ìdáná bí ẹnìkan ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lókè yẹn. Ìrora ni iná rẹ̀, ẹ ò jẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti gba inú igbó kọjá! Ó sì jó wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1980, àjọ NRC tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ núkílíà wọn fi òfin lélẹ̀ pé ìdínà tó wà láàárín wáyà tibí àti wáyà tọ̀hún (méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kí ọ̀kan lè kù bí èkejì bá jó) gbọ́dọ̀ lè dúró de iná fún wákàtí mẹ́ta. Tàbí kó jẹ́ ti wákàtí kan, kí ẹ̀rọ tó ń fura sí iná àti èyí tó ń dá omi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lọ ra ohun kan tí wọ́n ń pè ní Thermo-Lag, wọ́n fi wé wáyà wọn. Nígbà tó máa di 1992, NRC fúnra rẹ̀ ń kọ̀wé ìkìlọ̀: àyẹ̀wò ti fi hàn pé kò lè dúró tó wákàtí tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Èsìsì wo ló kù?

Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún lẹ fi kọ́ gírámà, n kò fìgbà kan kọ́ ju ilé-ìwé girama lọ. Àmọ́ ẹ bá mi tẹ ìdáná, ìdánà àti ìdána láìfi àmì sí i, bí àwọn ọmọ wa ṣe ń ṣe lórí fóònù, kí ẹ wá sọ fún mi èyí tó jẹ́ oúnjẹ, èyí tó jẹ́ olè àti èyí tó jẹ́ ìyàwó. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ bá ní kó dúró ti ibi tí ìdínà ti bàjẹ́, kó máa ṣọ́ iná, aṣọ́ná ni mo pè é. Bí àmì orí a ìkẹyìn yẹn bá já bọ́ sísàlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti di ọlọ́dẹ ẹnu géètì.

Ó ku ohun kan tí n kò rí sọ. Òfin 1980 yẹn fi ọ̀nà kẹta kún un: kí àlàfo ogún ẹsẹ̀ bàtà wà láàárín wáyà méjèèjì, kí ohunkóhun tó lè gbiná má sì sí nínú àlàfo náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfura àti ti omi. Kì í ṣe ògiri, nítorí náà kì í ṣe ìdínà. Kò lúgọ de nǹkan kan. Òfìfo lásán tí iná máa dé tí kò ní rí jẹ ni. Ìyá ìyá mi mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ọyẹ́ bá ti dé, wọn á ro etí oko kòkó yípo, wọn á gbá ewé gbígbẹ rẹ̀ dànù títí ilẹ̀ pupa á fi hàn, kí iná oko olóko má baà ráyè wọlé. Wọ́n ní orúkọ fún ilẹ̀ gbígbá yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, fáwẹ̀lì u ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nítorí ọmọ Èkìtì ni wọ́n. Mo ti wá a lọ́kàn mi láti àná. Ẹ̀yin ará Èkìtì tí ẹ wà níbí, kí ni ẹ ń pè é?