Kí ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ àpapọ̀ Unitarian ṣe fún òjíṣẹ́ àti ìjọ kéékèèké?

Akọ̀wé Ìjọ, Èbúté-Mẹ́ta

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìjọ Unitarian kékeré kan (àwa tí a gbà pé Ọlọ́run jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe Mẹ́talọ́kan) ní Èbúté-Mẹ́ta ni mo ń ṣe akọ̀wé fún. A kò pọ̀; ní ọjọ́ tí ìjọ bá kún, a lè tó ogójì. Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí mo ń yẹ ìwé ìṣirò owó wò nítorí ìpàdé ọdún, mo rí ohun kan tí kò jẹ́ kí n sùn mọ́jú. Oṣù mẹ́rin léraléra ni òjíṣẹ́ wa kò fi buwọ́ lùwé pé àwọn gba owó oṣù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi báírò kọ sí ibẹ̀ lóṣooṣù: "Mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún òrùlé." Òrùlé ilé ìjọsìn wa ń jò lóòótọ́, a sì ti pààrọ̀ páànù mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa pé owó oúnjẹ Bàbá ni a fi rà á. Mo lọ kí wọn nílé. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ gé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí méjì, kí ó lè gbé wọn dé ìparí oṣù. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì kankan.

Mo ń gbọ́ pé àwọn Unitarian ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà ní ẹgbẹ́ àpapọ̀ tí ń gbọ́ bùkátà irú èyí. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an? Ṣé ẹgbẹ́ náà ni ó ń san owó oṣù òjíṣẹ́, àbí òun ni ó ń yan òjíṣẹ́ fún ìjọ? Bí àwa ìjọ mélòó kan ní Èkó bá fẹ́ fi orí korí lórí ọ̀rọ̀ yìí, níbo ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀? Mo ń béèrè nítorí pé àwọn àgbà kan nínú ìjọ wa ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá ń fún wa lówó ni yóò máa pàṣẹ fún wa, n kò sì rí èsì tó múná dóko fún wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ọlọ́run, Yábà

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrora ohun tí ẹ rí nínú ìwé yẹn. Ibi tí ẹ̀rù ti ń ba àwọn àgbà yín ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn Unitarian kì í fi òjíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìjọ bí bíṣọ́ọ̀bù ṣe ń ṣí àlùfáà nípò láti Èbúté-Mẹ́ta lọ sí Ìkòròdú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ìjọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń pe òjíṣẹ́ tirẹ̀, òun ni ó ni ilé ìjọsìn rẹ̀, òun náà ni ó sì ń san owó oṣù. Àwọn ìjọ ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀; ẹgbẹ́ kọ́ ni ó dá wọn sílẹ̀. Ọjọ́ kan náà gan-an, ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1825, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù àti ti Boston sílẹ̀, láìjẹ́ pé àwọn ti ìhín mọ ohun tí àwọn ti ọ̀hún ń ṣe. Ẹgbẹ́ tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí di dídá sílẹ̀ ní 1928. Ti Amẹ́ríkà gba ìrísí tí ó ní lónìí ní 1961, nígbà tí àwọn Unitarian àti àwọn Universalist (àwọn tí ó gbà pé gbogbo ènìyàn ni Ọlọ́run yóò gbà là) para pọ̀. (Àwọn Unitarian ti Transylvania, ní ilẹ̀ Romania, ní bíṣọ́ọ̀bù ní tiwọn, nítorí náà ètò yìí kò rí bákan náà níbi gbogbo.)

Kí wá ni iṣẹ́ ẹgbẹ́? Iṣẹ́ tí apá ìjọ kan ṣoṣo kò lè ká ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yíyẹ òjíṣẹ́ wò. Bí ọkùnrin kan bá wọlé tọ ìjọ ẹlẹ́ni ogójì wá, tí ó sọ̀rọ̀ dídùn, tí ó sì ní kí ẹ fi òun jẹ òjíṣẹ́, ta ni yóò wádìí rẹ̀ wò? Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òjíṣẹ́ yóò kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run, yóò lo àkókò ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn, yóò kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ òjíṣẹ́ mìíràn nínú ìjọ, kí ó tó dúró níwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àpapọ̀ tí yóò bi í ní ìbéèrè. Bí ó bá yege, ó kéré tán ọdún mẹ́ta ni wọn yóò tún fi máa ṣọ́ ọ, pẹ̀lú òjíṣẹ́ àgbà kan tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Bí ó bá hùwà tí kò tọ́ lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ yìí kan náà lè gba ìwé àṣẹ rẹ̀.

Nígbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀ ní ìjọ kan, ọ́fíìsì àpapọ̀ a máa fi ìjọ tí ń wá òjíṣẹ́ àti òjíṣẹ́ tí ń wá ìjọ han ara wọn. Ẹni tí ìgbìmọ̀ ìjọ bá mú yóò wá wàásù ní ọjọ́ Àìkú méjì, yóò sì fi gbogbo ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín wọn bá àwọn àgbà, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn olùkọ́ ọmọdé sọ̀rọ̀, kí ìjọ tó dìbò. Bí òjíṣẹ́ tó pẹ́ níbẹ̀ bá lọ, wọn a tún rí ẹni tí yóò di ipò náà mú fún ìgbà díẹ̀, kí ìjọ lè sinmi kí ó tó tún pe ẹlòmíràn.

Ní ti owó, ẹgbẹ́ a máa tẹ ìwé ìmọ̀ràn jáde nípa iye tí ó yẹ kí òjíṣẹ́ máa gbà, ní ìbámu pẹ̀lú bí ìjọ ṣe tóbi sí àti bí nǹkan ṣe wọ́n sí ní àdúgbò rẹ̀. Ó tún ní ètò owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìlera tí àwọn ìjọ lè wọ̀, nítorí pé iye tí ọgọ́rùn-ún ìjọ yóò san bí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan kéré púpọ̀ sí ohun tí wọn yóò san bí kálukú bá dá lọ. Àwọn ìjọ náà ni ó sì ń dá owó fún ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn àgbà yín: ní ti ẹgbẹ́ yìí, ẹni tí ń fúnni lówó ni ìjọ.

Ìyá Ìjọ, Súrùlérè

Akọ̀wé, ẹ kú àníyàn. Ẹ má fi ọ̀ràn Bàbá yìí dúró de ẹgbẹ́ àpapọ̀. Ìfowópamọ́ ọlọ́dún gígùn fún ìfẹ̀yìntì kò wúlò mọ́ fún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Oògùn tí a kò gé sí méjì ni wọ́n nílò lónìí. Ẹ dá àpò ìtọ́jú kan sílẹ̀ fún wọn lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi ìpinnu ìjọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òjíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ̀ǹda owó oṣù rẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ìjọ mọ̀ sí i. Inú rere ni tiwọn, ṣùgbọ́n orúkọ àwa ìjọ ni ó ń bà jẹ́.

Ti àwọn òjíṣẹ́ tí ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí ni ó yẹ kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014 sọ pé agbanisíṣẹ́ yóò dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, òṣìṣẹ́ yóò dá ìdá mẹ́jọ. Ìjọ tí ó ní òṣìṣẹ́ kan tàbí méjì kò sí lára àwọn tí òfin náà mú ní tipátipá, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà fún un. Láti 2019 ni PenCom, àjọ ìjọba tí ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti ṣí ètò ìfẹ̀yìntì tí ẹni tí ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè máa fi ìwọ̀nba owó sí. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń dá àjọ ní ọjà. Bí ìjọ márùn-ún bá pawọ́ pọ̀ láti máa san ìdá mẹ́wàá yẹn fún òjíṣẹ́ márùn-ún, tí wọ́n sì yan akápò kan tí ń jíhìn, ẹgbẹ́ àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Ìjọ, àmọ́ n kò fẹ́ kí a fojú kéré ẹ̀rù àwọn àgbà yẹn, nítorí pé ó ní ìtàn ní ìlú yìí. Ní 1888, nígbà tí míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà yọ Moses Ladejo Stone nípò láì fi lọ ìjọ, ọ̀pọ̀ Onítẹ̀bọmi ní Èkó yapa, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. United Native African Church tẹ̀ lé e ní 1891. Ní 1901, àwọn tí inú bí nítorí ohun tí ìjọ Áńgílíkà ṣe sí Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson kúrò ní ilé ìjọsìn St Paul's, Breadfruit, ìyẹn sì ni ìbẹ̀rẹ̀ African Church. Àwọn baba wọ̀nyí ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé bí a bá fẹ́ dá pàṣẹ, a ní láti dá san owó òjíṣẹ́. Ìjọ Ìṣọ̀kan Gbogbo Ẹ̀dá tí Adeniran Adedeji Isola dá sílẹ̀ ní Èkó níhìn-ín, tí ó jẹ́ ti Unitarian, ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ̀mí kan náà ni ó bí i.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún: ilẹ̀. Ẹ má fi ìwé ilẹ̀ ìjọ kankan sí orúkọ ẹgbẹ́ àpapọ̀. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní àwọn olùtọ́jú ohun-ìní tirẹ̀ tí a forúkọ wọn sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀), kí ó sì wà nínú òfin ìjọ pé bí ìjọ náà bá kógbá wọlé ní ọjọ́ kan ni ẹgbẹ́ yóò tó jogún ohun-ìní rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ ní Amẹ́ríkà ni ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjà lórí ilé ìjọsìn àwọn Unitarian le débi pé ilé aṣòfin ní láti ṣe òfin ní 1844 kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìkánjú mú yín. Àwọn ará Kánádà dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ ní 1961, ṣùgbọ́n ó di 2002 kí wọ́n tó gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ìjọ wọn kúrò lọ́wọ́ ọ́fíìsì Amẹ́ríkà.

Akọ̀wé Ìjọ, Èbúté-Mẹ́ta

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Mo ka gbogbo èsì yín sí ìjọ létí lẹ́yìn ìsìn, mo sì gbé ìwé owó náà síwájú wọn. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. A ti fohùn ṣọ̀kan pé a óò san owó oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà díẹ̀díẹ̀, ìyá kan sì ti gba ìwé oògùn lọ́wọ́ Bàbá, òun ni yóò máa rà á. Mo ti kọ̀wé sí ìjọ mẹ́ta. Méjì ti fèsì pé àwọn yóò wá jókòó. Ibi tí a kò tíì yanjú ni ìjọ tí akápò yóò ti wá, nítorí pé kò sí ìjọ tí ó fẹ́ ru ẹrù náà, kò sì sí èyí tí ó fẹ́ kí owó náà wà lọ́wọ́ ìjọ mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ bí ó ṣe yẹ kí a gbà á, kí ó bá wa sọ ọ́.

Bàbá kọ́kọ́ kọ̀ láti gba owó oṣù yìí. A dúró tì wọ́n títí wọ́n fi mú báírò, tí wọ́n sì buwọ́ lùwé.