Ìgbì Aráròmí: ẹni tó ti fi pákó gùn ún rí, ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ọjà Ọba: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Àwa mẹ́ta ń gbèrò àtilọ sí etíkun Aráròmí, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù keje. Ọ̀rẹ́ wa kan ti gbé pákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì wá láti Èkó. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí, báwo ni omi yẹn ṣe rí?

Ìyá Ìbejì: Oṣù keje kẹ̀? Ẹ jókòó sílé yín o.

Ará Ìjàpọ̀: Mo lọ ní oṣù kẹjọ ọdún kan. Mo mọ omi í wẹ̀, odò Ọ̀wẹnà ni mo ti kọ́ ọ. Mo wo iwájú, ìgbì ń wó lápá ọ̀tún, ó ń wó lápá òsì, àárín wá tẹ́jú bí omi inú abọ́. Mo ní ibẹ̀ gan-an ló dáa. Omi ò tíì ju orúnkún mi lọ tí iyanrìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, bí ìgbà tí wọ́n fa ẹní yọ nídìí èèyàn. Kí n tó pe Jésù lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó wà létí omi ti kéré lójú mi. Mò ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, mi ò kúrò lójú kan. Ọmọ apẹja kan ló ń pariwo pé, "Gba ẹ̀gbẹ́! Gba ẹ̀gbẹ́!" Mo gba ẹ̀gbẹ́, ìgbì kan gbé mi jù sórí iyanrìn. Títí di ọjọ́ kejì, gbogbo oúnjẹ tí mo jẹ, iyọ̀ ni mò ń gbọ́ lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò rí i? Ọlọ́run ló yọ ẹ́, ọmọ mi.

Ọmọ Ìlàjẹ: Ẹ̀gbọ́n, ibi tó tẹ́jú yẹn gan-an ni omi ń gbà padà sínú òkun. Gbogbo omi tí ìgbì bá tì wá sétí, ó gbọ́dọ̀ rí ibì kan gbà lọ. Ibi tí ìgbì kì í ti wó, tí omi rẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, tí ìfófòó ń lọ dípò kó máa bọ̀, ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹsàn-án ló máa ń le jù. Ìjì tó ń jà ní apá gúúsù òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún ló ń rán ìgbì náà wá.

Bọ̀dá Tíṣà: Mi ò gbà. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ tí imọ̀ àgbọn kan ò mì, òkun ṣì ń bú. Ìjì wo ló rán ìyẹn?

Ọmọ Ìlàjẹ: Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn, sà. Ó ti rìn fún ọjọ́ mélòó kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ sọ òkúta sínú adágún, ẹ wò ó bóyá etí kejì ò ní mì.

Bọ̀dá Tíṣà: Adágún kọ́ ni òkun.

Èkó Ni Mo Wà: Ẹ gbé pákó yẹn padà wá sí Tarkwa Bay, etíkun kan ní Èkó níbí. Wọ́n to òkúta wọnú òkun níbẹ̀ kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọ èbúté. Ẹ̀bá òkúta yẹn ni ìgbì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wó, á wá máa ya lọ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí télọ̀ ń ya aṣọ, èèyàn á máa sáré níwájú ibi tó ń ya. Aráròmí gùn gbọọrọ, kò sí ohun tó yọrí sínú omi. Bí ògiri ni ìgbì á ṣe wó lẹ́ẹ̀kan náà. Kí lẹ fẹ́ gùn níbẹ̀?

Ọmọ Ìlàjẹ: Ẹ má bú Aráròmí o! Pákó ara ọkọ̀ tó fọ́ ni mo fi gùn ún ní kékeré mi, àyà ni mo fi lé e.

Adùn: Ayétòrò ti Ìlàjẹ náà ńkọ́?

Ọmọ Ayétòrò: Ẹrẹ̀ ni tiwa, iyanrìn kọ́. Ìlú tí ìjọ àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, òkun ń jẹ ẹ́ lójú wa. Àkàbà mẹ́fà ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá àgbà mi. Omi kọ́kọ́ mú ilé ìdáná, ó mú yàrá àwọn ọkùnrin, lọ́jọ́ kan a jí, ó ku àkàbà. Àwọ̀n ni wọ́n ń dẹ báyìí níbi tí a ti ń jẹun. Ìgbì tí ẹ ń wá kiri yìí, òun là ń gbọ́ lóru tí a ò lè sùn.

Ará Ìjàpọ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Bọ̀dá Tíṣà: Ó dùn mí dénú. Ṣùgbọ́n ṣé kí àwọn ọmọ má ṣeré mọ́ ni?

Ọmọ Ayétòrò: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Kí wọ́n ṣáà mọ omi tí wọ́n ń bá ṣeré.

Ọmọ Ọjà Ọba: A ti sún un di oṣù kejìlá. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ kí ẹ mú wa dé ibi tí ilé ìyá àgbà wà.

Ọmọ Ayétòrò: Omi lẹ máa rí. Ẹ pè mí tí ẹ bá dé Igbókọ̀dá, ibẹ̀ la ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi.