Àwo kọ́ńtìrì òde òní wo ló pa honky-tonk (orin ijó ilé ọtí) pọ̀ mọ́ outlaw?

Ẹ kú ilé o. Gìtá ni mò ń ta nínú ẹgbẹ́ jùjú. Pedal steel (gìtá títẹ́ tí a ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀) tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta lẹ́yìn King Sunny Adé ló fà mí wọ inú orin kọ́ńtìrì ti Amẹ́ríkà, n kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́.

Ìṣòro mi rèé: gbogbo ẹni tó bá ti dá irùngbọ̀n sí, tó dé akẹtẹ̀, outlaw ni wọ́n ń pè é, ìyẹn olórin kọ́ńtìrì tó kọ̀ láti tẹ̀lé ìlànà àwọn ilé-iṣẹ́ orin, bíi Waylon Jennings àti Willie Nelson. Mo ti padà sí Honky Tonk Heroes tí Waylon Jennings gbé jáde ní 1973, èyí tí Billy Joe Shaver kọ púpọ̀ jù nínú àwọn orin rẹ̀. Mo gbọ́ That Lonesome Song ti Jamey Johnson, 2008. Mo tún gbọ́ Traveller ti Chris Stapleton, 2015. Mickey Raphael tó ń fun hàmóníkà fún Willie Nelson wà nínú ìyẹn, nítorí náà mo gbà pé ọmọ ilé outlaw ni. Ṣùgbọ́n soul (orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà) ló kún ohùn Stapleton. Kì í ṣe orin ijó ilé ọtí. Ohun tí etí mi ń wá ni ìlù shuffle bíi ti Ray Price ní 1956: béèsì tó ń rìn, tí fíólìnì àti pedal steel sì ń dá ara wọn lóhùn.

Lẹ́yìn 2010, odindi àwo wo ni irú shuffle yẹn ti bá gìtá líle bíi ti Waylon pàdé? Ta ló sì ta pedal steel inú rẹ̀?