Ẹ̀ka wo nínú iṣẹ́ ológun ni ó yẹ ẹni tí etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn dáadáa?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ológun rí, mo kí yín láti Òṣogbo. Ọmọ ọdún 21 ni mí, mo sì ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ parí ní Òkè-Baálẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé etí ọ̀tún mi pé, ṣùgbọ́n etí òsì, tí ọyún máa ń jáde nínú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, kì í gbọ́ ohùn tó bá rẹlẹ̀ ju 40 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó) lọ.

Mo mọ̀ pé ariwo àgbá lè ba èyí tó kù jẹ́, iṣẹ́ rédíò sì gba etí tó dá ṣáṣá, nítorí náà ni ọkàn mi ṣe fà sí ẹ̀ka tó ń tún ọkọ̀ ológun ṣe. Ẹnìkan ní kí n fi ọ̀rọ̀ etí yìí pamọ́ fún dókítà wọn. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ológun tí kò gbọ́ àṣẹ lè fa ikú ẹlòmíràn.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tí wọ́n gbà pẹ̀lú irú etí báyìí? Níwọ̀n bí àwọn tí wọ́n bá gbà ti gbọ́dọ̀ kọ́ ìbọn yíyìn, kí ni wọ́n fi ń dí etí níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà?