“Ìjàǹbá apá-ò-ká”: àbá tèmi

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Níbi tí a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ ìṣègùn, ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká máa pe ohun tí Òyìnbó ń pè ní mass casualty incident (ìjàǹbá tí àwọn tó fara kááṣá rẹ̀ ju agbára àwọn olùtọ́jú lọ) ní “ìjàǹbá ọlọ́pọ̀ òkú”. Ẹ má bínú sà, mi ò fara mọ́ ọn. Casualty kì í ṣe òkú nìkan. Ẹni tó fara pa wà níbẹ̀, òun gan-an ni wọ́n sì ń torí rẹ̀ sáré. Kì í sì í ṣe iye èèyàn ló ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé èèyàn mẹ́fà tó fara gbọgbẹ́ wọ ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ti dé nìyẹn. Gbé mẹ́fà yẹn kan náà lọ sí ọsibítù ńlá, ó lè má ju iṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ. Ọ̀hún, apá ká a. Ìhín, apá ò ká a. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀? “Ìjàǹbá apá-ò-ká” ni tèmi.

Ẹnì kan á ní ó dà bí ẹni tó ti gba kámú. Rárá o, orúkọ yìí ló ń sọ iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe: ká wá apá kún apá. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí àwọn agbébọn ya wọ ìjọ Kátólíìkì St Francis l'Ọ̀wọ̀, nǹkan bí 40 èèyàn ló bá a lọ, ọ̀pọ̀ sì fara gbọta. Wọ́n ké sí ará ìlú pé kí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, àwọn èèyàn sì jáde. Apá kún apá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò kó tó wọ ara ẹlòmíì. Èyí tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ló ń yá lò. Awakọ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, apá lòun náà.

Ní ti triage, ìyẹn yíyẹ àwọn tó fara pa wò láti mọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ tọ́jú, àbúrò wa kan mú “ìtò” wá. Ó dáa, àfi pé a kì í sábà fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tí a bá kọ. Ẹ kọ “ito” gàdàgbà sára ògiri ọsibítù, kí ẹ wò ó bí aláìsàn ò ní béèrè ìgò tí òun máa tọ̀ sí. “Ìṣàyàn” ńkọ́? Ìyẹn ti ní ojúsàájú nínú. “Ta-ló-kàn” sì rèé, níbi tí èèyàn ti ń kú, ta ló fẹ́ dáhùn?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á ké pé kí ẹni tó bá lè rìn bọ́ sápá kan. Àwọn yẹn gba káàdì aláwọ̀ ewé, wọ́n lè dúró díẹ̀. Ẹni tó ń mí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan gba pupa, ìyẹn ni pé kí wọ́n tètè tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń pariwo ṣì ń mí. Ẹni tó dákẹ́ ni kí wọ́n sáré lọ wò. Torí náà, “ìyẹ̀wò ta-ni-ká-kọ́kọ́-gbé”. Ẹ ní ó gùn? Ẹ mú èyí tó kúrú wá, kó ṣáà má jẹ mọ́ ìtọ̀.