Owó ẹgbẹ́ gba àkáǹtì ọjà wọlé: ẹ̀rí wo ló tó?

Ìwé owó-orí ni mo ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Màmá aláṣọ kan ni akápò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́-orí) wọn. ₦4,600,000 tí wọ́n dá fún aṣọ Ojúde Ọba, àkáǹtì ọjà màmá ló gbà wọlé.

Mo ti gba sítétímẹ́ǹtì báńkì láti ya owó náà sọ́tọ̀, àmọ́ "aṣọ" nìkan ni ọmọ ẹgbẹ́ àti oníbàárà jọ ń kọ sí i. Kò sí rìsíìtì, àfi ìwé àkọsílẹ̀ kan. Bí mo bá tún béèrè, màmá á ní, "Ṣé mo jalè ni?" Ó ń dùn mí, mi ò fẹ́ kí màmá san owó-orí lórí owó olówó.

Ọjọ́ 31 oṣù Máàṣì ni gbèdéke ìwé owó-orí náà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lẹ́tà tí alága ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, pẹ̀lú orúkọ àti iye tí kálukú san, máa tó, àbí ká lọ búra ní kóòtù?