4K àbí 1440p? Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ yìí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mo wà, bátànì àdìrẹ ni mo máa ń yà sórí kọ̀ǹpútà. Ojú laptop mi ti kéré jù fún un, mo wá fẹ́ ra mọ́nítọ̀ 27 inch tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere.

Ihò tí màá ki wáyà bọ̀ ló dà mí láàmú. HDMI 1.4 ni laptop yìí ní. Tí mo bá gbé 4K, ìyẹn àwòrán tó ní ẹyọ àmì (pixel) 3840 × 2160, gba ibẹ̀, 30Hz ló máa mọ, ìyẹn ni pé ìgbà ọgbọ̀n péré ni àwòrán máa ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọfà mouse á sì máa falẹ̀ lójú mi. HDMI 2.0 ló ń gbé e dé 60Hz. Ihò USB-C wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo USB-C ló ń gbé àwòrán jáde, àfi èyí tó bá ní DisplayPort Alt Mode, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí àwòrán gba ihò USB-C kọjá. Mi ò rí àmì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ẹni tó ń ta ọjà ní Ọláìyá ní, “Wáyà yòówù á ṣe é, bọ̀dá.” Ẹnu ọlọ́jà ṣá nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá USB-C mi ń gbé àwòrán kí n tó náwó? Àbí kí n kúkú ra 1440p, ìyẹn 2560 × 1440, tí HDMI 1.4 lè gbé ní 60Hz? Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ìlà tín-ín-rín inú bátànì ò ní hàn tó ti 4K.

Iná ìjọba ò dúró lọ́dọ̀ wa, inverter kékeré ni mo ń lò. Ẹni tó bá ń lo 4K lórí inverter, ṣé kì í tètè jẹ bátìrì tán?